Ìwé Wo Ni Ẹgbẹ́ Máa Kà Lóṣù Yìí?

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti ń yan ìwé kan lóṣooṣù, tí a ń jókòó kà á pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún èmi tí mò ń ta ata?" Àwọn kan tiẹ̀ ní a fẹ́ sọ iṣẹ́ ọjà di iṣẹ́ akọ̀wé. A fẹ́ fèsì lónìí, a ó sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé tó ti kọjá lọ́wọ́ wa, èyí tó wúlò àti èyí tí a pa dé láì kà á tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ná. Kò jìnnà, ojú irin tó gba Agége kọjá ló lọ síbẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies' Club. Àwọn ìyàwó ọ̀lajú ló wà nínú ẹ̀, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ni olórí wọn. Ọ̀rẹ́ Ìyáàfin yìí kan tí kò mọ̀wé ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jókòó kàwé pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà ń jáde. Àwọn tó ń kọ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ pé àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́nà èrú. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ìrẹsì gbígbà sì dáwọ́ dúró. Ní 1946, ẹgbẹ́ yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union, aláte àti akọ̀wé jọ wà nínú ẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé, Ìyáàfin fúnra ẹ̀ sì bọ́ gáùn sílẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá. Nígbà tó kan owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n jà á títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní January 1949. Ó di òpin 1950 kí Kábíyèsí tó padà wálé.

Ìdí A, B, D ni gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀ o.

A mọ̀ pé ẹnì kan á ní, àwọn tí kò mọ̀wé náà ńkọ́? Òótọ́ ni. Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà tó ṣáájú àwọn obìnrin ọjà l'Ékòó kò mọ̀wé, ẹja ló ń tà. Síbẹ̀ òun ló kó wọn jọ nígbà ogun kan náà, tí wọ́n dojú kọ Captain Pullen, òyìnbó tó fẹ́ máa dá iye owó oúnjẹ fún wọn. Gbogbo wa náà la sì máa ń sọ ọ́ pé, "Orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómolú, tó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láì kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀." Àìmọ̀wé kì í ṣe àìgbọ́n. Ṣùgbọ́n owó tiwọn ni alájọ Ṣómolú ń bá àwọn èèyàn pamọ́, wọ́n sì mọ ojú ẹ̀. Àwọn tó ń yá wa lówó lónìí, pépà ni wọ́n ń gbé wá.

Ìwé àkọ́kọ́ tí a kà ni The Richest Man in Babylon, tí George Clason, ará Amẹ́ríkà, kọ. Láti 1926 ló ti ń tẹ àwọn ìtàn inú ẹ̀ jáde ní ìwé pélébé, tí àwọn báǹkì ń pín fún àwọn oníbàárà wọn. (Ẹ ẹ̀ rí i pé báǹkì kì í pín nǹkan lásán.) Ìlú Bábílónì tó wà nínú Bíbélì, tí Kùránì náà dárúkọ, ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó tètè wọ àwọn ìyá wa létí. Nínú ẹ̀ ni Dabasir wà, oníṣòwò ràkúnmí tó jẹ gbèsè títí tó fi sá nílùú, tó di ẹrú. Nígbà tó padà wálé, ọ̀nà mẹ́wàá ló ń pín owó tó bá wọlé fún un: ọ̀kan fún ìpamọ́, méje fún oúnjẹ àti ilé, méjì fún àwọn tó jẹ lówó. Bí èrè bá jẹ́ N10,000, ẹ gbé N1,000 pamọ́ kí ọwọ́ tó kan ìyókù, ẹ ná N7,000, kí ẹ fi N2,000 san gbèsè.

Ibi tí a ti rò pé ọ̀rọ̀ tán ni ìyá ẹlẹ́ran kan láti Oko-Ọba ti dìde. Ó ní, "Èrè wo lẹ ń sọ? Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ èrè nínú owó tó wà nídìí aṣọ mi yìí." Ilé pa rọ́rọ́, torí kì í ṣe òun nìkan. Ojú owó là ń mú se ọbẹ̀, ojú owó là ń mú lọ òde, tí ọjà bá wá gbówó lérí, a ò ní lè kó iye tí a kó tẹ́lẹ̀ mọ́. Oṣù yẹn, a ò sáré lọ sí orí tó kàn. Olúkúlùkù ra ìwé kékeré, wọ́n ń kọ iye tí wọ́n fi ra ọjà, owó ọkọ̀, owó alágbàrù, owó tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n tà, àti iye tí wọ́n yọ fún ọbẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ọmọ wọn bá wọn kọ ọ́ lálaalẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni onígàrí kan rí i pé owó ọkọ̀ ti ń jẹ èrè òun láti ọjọ́ yìí.

Banker to the Poor ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus, ará Bangladesh, la kà tẹ̀ lé e. Ní 1976, ní abúlé Jobra, ó rí obìnrin kan tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó. Kò lówó ọparun, ọwọ́ oníṣòwò kan ló ti ń yá a. Oníṣòwò yẹn nìkan ló sì gbọ́dọ̀ ta àpótí fún, ní iye tó bá wù ú. Èèyàn 42 ló wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀ lábúlé náà. Gbogbo owó tó lè tú wọn sílẹ̀ kò ju dọ́là 27 lọ. Ó yọ ọ́ lápò ara ẹ̀, ibẹ̀ ni Grameen Bank ti ṣẹ̀, tí òun àti báǹkì náà fi jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ẹ̀yin tó ń gba tòmátò àti àlùbọ́sà láwìn, ṣé ẹ rí ara yín níbẹ̀?

Rich Dad Poor Dad ti Robert Kiyosaki, èyí tó jáde ní 1997, tí àwọn ọmọ wa ń gbé kiri, a gbìyànjú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí owó máa ṣiṣẹ́ féèyàn dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé rírà àti ilé títà l'Amẹ́ríkà pọ̀ nínú ẹ̀ jù, a pa á dé.

Ká sòótọ́, oṣù tí a ò ka ìwé kankan ló ṣe wá láǹfààní jù. Ọ̀kan nínú wa mú fọ́ọ̀mù lọ́ọ̀nù ẹ̀ wá, pé ká bá òun kà á. Ó ti tẹ̀ka sí i láti oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ti wá gbé ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òun ò pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ. Ẹnì kan kà á, ẹnì kejì ń túmọ̀ ẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé bí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó jọ yáwó bá sá lọ, àwọn mẹ́rin yòókù ló máa san án. Ọ̀kan sì ti sá lọ. Obìnrin yìí ò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wo àtàǹpàkò ara ẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní gbómú-lé-lántà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan fún àpẹẹrẹ. Wọ́n ní àwọn yá yín ní N100,000. Wọ́n yọ N10,000 fún ìpamọ́, wọ́n yọ N2,000 fún fọ́ọ̀mù, N88,000 ló dé ọwọ́ yín. Ẹ óò máa san N5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. N120,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dá N10,000 yẹn padà, N22,000 ti lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ ti dá ìdajì padà, àmọ́ èlé orí gbogbo owó náà lẹ ṣì ń san. A ò ní kẹ́nikẹ́ni má yáwó o. Ẹ kàn bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ka: èló ló máa dé ọwọ́ mi gan-an, èló ni gbogbo ohun tí mo máa san, gbèsè ta ló wà lọ́rùn mi? Kí ẹ sì bèèrè bóyá Báǹkì Àpapọ̀ fún wọn níwèé àṣẹ.

Ìwé oṣù tó ń bọ̀ ni Madame Tinubu: Merchant and King-maker, tí Ọládípọ̀ Yémitàn kọ ní 1987. Ẹfúnróyè Tinúbú ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta ìbọn, ó sì ta èèyàn. A ò ní fo ibẹ̀ yẹn. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Ó dé Abẹ́òkúta, ó tún òwò dá sílẹ̀, ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ẹni tí wọ́n bá ti wó ìsọ̀ ẹ̀ rí á mọ ìdí tí a fi yàn án.

Ẹni tó bá ní ìwé náà nílé, kó jọ̀ọ́ mú un wá, ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ mú awò ojú yín dání. Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ka sí pépà èyíkéyìí lọ́dún yìí, kó mú òun náà dání. Tiẹ̀ la ó kọ́kọ́ kà ká tó ṣí Tinúbú.