Mélòó lọmọ yín mọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tó ń fò lókè Mápó?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ fi ìdánwò kékeré kan lọ àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ẹyẹ mẹ́wàá lédè Yorùbá. Bí wọ́n bá ti ka adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, tòlótòló àti ẹyẹlé tán, ẹ ó rí i pé àjà ni wọn yóò máa wò. Ọmọ mìíràn lè rántí idì tó wà lára ẹ̀wù àwọn Super Eagles. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ké lórí páánù ilé bàbá rẹ̀ láràárọ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi ọmọ kọ́ o, ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Igbó wo ló wà ní Bẹẹrẹ tá a fẹ́ lọ wo ẹyẹ?" Òótọ́ ni. Láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrúnkà, páánù ń gbá páánù ni, igi kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kò ní ògiri. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ẹ mú ọmọ gun orí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngán tí wọ́n ṣí ní 1929 wà, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ ó rí àwòdì tó ń rà bàbà láìju apá, ìrù rẹ̀ pín sí méjì bíi ti ẹja. (Àwọn kan ń pe òun náà ní àṣá, ẹ má torí ìyẹn bára yín jà.) Ẹ ó rí lékèélékèé tí wọ́n tò gbọọrọ lọ síbi tí wọ́n ń sùn. Àwa tá a gbọ́njú níbí mọ bí a ṣe ń ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àwọn ẹyẹ méjèèjì yìí á máa gbéra lọ sí apá òkè Ọya, ó di ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè gun Láyípo, ilé ìṣọ́ Bower tó wà ní Òkè Àrẹ láti 1936. Tí orúnkún bá ń dun màmá, kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀, kí ọmọ wá ròyìn ohun tó rí.

Èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù ni ẹ̀gà. Ẹ wá ọ̀pẹ kan tí wọ́n ti sọ di ahoro, tí ilé ẹyẹ so rọ̀ lára rẹ̀ bí igbá kéékèèké, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan. Akọ ló ń kọ́lé. Yóò ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ẹnu hun ún, yóò wá so mọ́ ọn, yóò máa gbọn ìyẹ́ pe abo kó wá wò ó. Abo yóò wọlé, yóò yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ, akọ yóò sì tú ilé náà palẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ múra láti dáhùn ìbéèrè tí ìyàwó yín yóò bi yín lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti gúnnugún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ rántí bó ṣe máa ń bà sórí òrùlé nítòsí ibi tí wọ́n ń pa màlúù. Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè máà mọ̀ ọ́n ju inú òwe lọ. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ka irú nǹkan báyìí, fi gúnnugún ilẹ̀ wa sára àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó parun. Àwọn tó ń pa á ta fún oògùn ló ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀, májèlé àti gígé igi ńlá tó ń yé sí sì dá kún un.

Kí ló kan ojú ewé ìlera nínú èyí? Ẹ wo ilẹ̀ Íńdíà. Gúnnugún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ bẹẹrẹ láti àwọn ọdún 1990. Ní 2004, ìwádìí kan ní Pakistan fi hàn pé diclofenac ló ń pa wọ́n, oògùn ìrora tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò fún oríkèé ara. Wọ́n ń fún màlúù, gúnnugún ń jẹ òkú màlúù, ó sì ń kú. Bí kò ṣe sí ẹni tí yóò palẹ̀ òkú ẹran mọ́, ajá ìgboro pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi náà ń bá a lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ ní 2024 pé bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú sí i láàárín 2000 sí 2005 torí pé ẹyẹ yìí kò sí mọ́.

Fún ara tiwa náà, wíwo ẹyẹ ń ṣiṣẹ́. King's College London fi fóònù bi èèyàn 1,292 léèrè bí ọkàn wọn ti rí lóríṣiríṣi àkókò. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2022, fi hàn pé ọkàn ẹni tó rí ẹyẹ tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ máa ń fúyẹ́ sí i, títí kan ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì lè tó wákàtí mẹ́jọ kó tó tán. Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ dá oògùn dókítà dúró o. Ní ti àwọn ọmọ tó ń tẹjú mọ́ fóònù, ní Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ iléèwé kan ń lò níta lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí ọgbọ̀n ni kò ríran jìnnà mọ́; nínú àwọn tí wọn kò fi kún tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì.

Tí wíwò látojúlé bá ti mọ́ yín lára, ẹ jáde. Ọgbà Àgódi kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, igi àti omi wà níbẹ̀. Ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà dára, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ọjọ́ wo èyí tó wà nínú àgò. Àwọn tó wà lórí igi lómìnira ni kẹ́ ẹ wò. Igbó tó wà nínú IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbàyè kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ibadan malimbe. Dúdú ni, orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa fòò. J. H. Elgood ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ ìlú wa pè é. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, kò sì pọ̀ mọ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé omi dání, ẹ fún àgbà ní àpótí ìjókòó, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mú rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Ẹyẹ tó bá ti kú sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án: Nàìjíríà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú àrùn lùkúlùkú ẹyẹ tó le tí wọ́n ń pè ní H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kejì ọdún 2006. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò tó. Kí bàbá tàbí màmá àgbà pe orúkọ, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i. Bí ìyàwó ilé bá jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, tó ní orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà nílé àwọn, kí ọmọ kọ méjèèjì.