Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báńdì onífèrè idẹ àti èrò Ọjà'ba

Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lórí òkè. Ọjà'ba wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a kò pè kì í sábà gòkè lọ gbọ́ báńdì. Àmọ́ bí báńdì Boys' Brigade, ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ìjọ Kristẹni, bá ń yan bọ̀ láti àdúgbò Bẹẹrẹ, tí ìlù ńlá ń dún gbì-gbì, ta ni kò ní yọjú síta? Alátà á dìde, ọmọdé á tẹ̀ lé wọn.

Àmọ́ kí báńdì máa fọn orin ìsìn nìkan kò tó láti fa èrò. Fèrè idẹ náà ni olórin Victor Ọláìyá fi gbé orin highlife dé etí tọmọdé tàgbà.

Ẹ̀yin olórí báńdì, ẹ kọ́kọ́ yan gba àdúgbò Bẹyẹrunká àti Ọjà'ba kọjá, kí ẹ tó gun òkè Mápó.