Káàdì Tó Jáde ní Gígé àti Káàdì Tí A Fọwọ́ Gé

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, PVC ni káàdì tí wọ́n fi dìbò lọ́dún 2015. Lẹ́nu atẹ̀wé, ike lásán ni, ike funfun pẹlẹbẹ tí à ń tẹ orúkọ àti fọ́tò sí. Ti báǹkì o, ti ilé-ìwé o, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò: mìlímítà 85.60 ní gígùn, 53.98 ní ìbú, 0.76 ní nínípọn.

Ẹ jẹ́ ká fi atẹ̀wé kan ní ìlú Abaji ṣe àpẹẹrẹ. Abaji wà lójú ọ̀nà Abuja sí Lokoja tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sílé lọ́dún. Atẹ̀wé náà lè máa fi iṣẹ́ káàdì ránṣẹ́ sí àárín Abuja, tàbí kó fi í ránṣẹ́ sí Ṣómólú l'Ékòó. Èmi kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá ṣì nínú orúkọ ọmọ kan, ìrìn àjò mìíràn ni. Kó máa ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dára jù, ọ̀nà méjì ló sì wà níwájú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ onírìbọ́ọ̀nù, èyí tí kò nílò kọ́tà, ẹ̀rọ tí à ń fi gé káàdì. Wọ́n ti gé káàdì láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. A ó tò ó sínú ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ tó gbóná á sì máa yọ àwọ̀ kúrò lára rìbọ́ọ̀nù sórí ike: yẹ́lò, pupa, búlúù, dúdú, kí abala tó mọ́ gaara tó wá bo gbogbo rẹ̀ lójú. Ẹni tó sọ káàdì nù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sì mú òmíràn dání lọ.

Ṣùgbọ́n rìbọ́ọ̀nù kò mọ iṣẹ́ kékeré. Bí orúkọ kan ṣoṣo lo tẹ̀, bí fọ́tò tó kún ojú káàdì lo tẹ̀, abala márààrún ló lọ yẹn. Eruku tún wà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹyọ eruku kan tó bà lé ike á di àmì funfun níwájú orí ọmọ nínú fọ́tò. Bí yanrìn bá ha orí ẹ̀rọ pẹ́nrẹ́n, ìlà kan náà á máa wà lára gbogbo káàdì tó bá jáde láti ọjọ́ náà lọ, àfi kí wọ́n ra orí tuntun.

Ọ̀nà kejì lọ́ra. Pírńtà oníǹkì tí à ń fi tẹ fọ́tò ló ń tẹ abala ike A4 tí wọ́n ti pa lójú kó lè mu íǹkì. Káàdì mẹ́wàá ló ń gba ojú abala kan. A ó tẹ iwájú, a ó tẹ ẹ̀yìn, a ó fi ike tó nípọn sáàárín, a ó to gbogbo rẹ̀ sáàárín irin méjì, ooru á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán lára ọmọ-iṣẹ́, nítorí bí kò bá jẹ́ kó tutù lábẹ́ irin kó tó yọ ọ́, á ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Bí ẹ̀yìn kò bá sì tò bí iwájú ṣe tò, ọmọ kan á gba káàdì tó ní nọ́ńbà fóònù ìyá ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Ó wá ku kọ́tà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gé, ojú la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, etí káàdì kan á funfun, ìkejì á jẹ nínú orúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọ̀ ìpìlẹ̀ kọjá ìlà gígé níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí abẹ bá kú, etí á máa ya ni, ọmọ tó fi kọ́rùn á sì mọ̀ ọ́n lára.

Síbẹ̀, bí hẹ́dímásítà bá gbé iṣẹ́ 300 ọmọ wá, ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́. Ọgbọ̀n abala ni fún iwájú, ọgbọ̀n fún ẹ̀yìn, ìgò íǹkì sì lè tán kí a tún bu òmíràn sí i. Bí pírńtà bá bàjẹ́, kọ́tà àti ẹ̀rọ ooru kò bá a kú, òmíràn la ó gbé síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló máa jìyà, nítorí ooru ń jẹ iná. Torí náà, ẹ̀rọ ọ̀nà kejì yìí ni kí ṣọ́ọ̀bù Abaji kọ́kọ́ rà. Kí onírìbọ́ọ̀nù dé lẹ́yìn, fún ẹni tó dá wá, tó sì ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí onírìbọ́ọ̀nù yìí tó máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Rìbọ́ọ̀nù tó ti tán kò ṣófo. Tú u wò lójú ìmọ́lẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà, fọ́tò gbogbo ẹni tó ti gba káàdì ń bẹ níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ibi tí àwọ̀ ti kúrò ló ń ṣàfihàn wọn. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ju rìbọ́ọ̀nù sórí ààtàn bí ọ̀rá omi. Abala tó bàjẹ́ lọ́nà kejì náà ní ojú ọmọ ènìyàn lára, àmọ́ òun hàn sí gbogbo ayé, ẹni tó bà á jẹ́ á sì gé e sọnù. Rìbọ́ọ̀nù ló ń fara pa mọ́. Kí ọ̀gá fi sísọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kó máa gé e wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́.