Ìbọn Olókùúta àti Ìbọn Oníkápù: Èwo Ló Yẹ Oko Wa?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Orè àti Odìgbó, nítorí ọ̀yà tí ń gé àgbàdo àti ọ̀pẹ kéékèèké, ṣakabùlà kì í wọ́n ní ahéré. Èwo ni ká wá lò: olókùúta ni, àbí oníkápù?

Ẹnu ni a ti ń ki àwọn méjèèjì: ẹ̀tù ṣíwájú, ọta tẹ̀lé e. Bí iná ṣe ń dé ìdí ẹ̀tù ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ìbọn olókùúta: Òkúta yóò ṣá irin, iná yóò ta sí ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, yóò sì gba ojú ihò wọlé. Òjò àti ọ̀rinrin tètè ń ba ẹ̀tù inú àwo yìí jẹ́. Ìbọn náà a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dún. Ẹni tó ń yin àmì kò gbọdọ̀ mi ọwọ́ kó tó dún tán. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òkúta kan ṣeé lò léraléra.

Ìbọn oníkápù: Ní 1807 ni Alexander Forsyth, àlùfáà ará Skọ́tíláǹdì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí lílo oògùn tí ń gbiná bí a bá lù ú. Láti ibẹ̀ ni kápù ti jáde, ìdérí bàbà kékeré tí a ń dé sídìí ìbọn. Irin yóò já lù ú, iná yóò wọlé tààrà. Ó yá, òjò kì í sì í tètè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kápù bá tán, ìbọn di ọ̀pá lásán.

Ní agbègbè òjò bíi tiwa, oníkápù ló fọkàn balẹ̀ jù. Síbẹ̀, kò sí èyí tí kì í kọ̀ nígbà mìíràn, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà:

1. Bí ìbọn bá kọ̀, iná lè ṣì máa rìn nínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ẹ má ṣe wo ẹnu rẹ̀.
2. Ẹ má ki ẹ̀tù lé ẹ̀tù. Ẹ̀tù àpọ̀jù lè mú kí ìbọn ya mọ́ yín lọ́wọ́.
3. Ẹ má yin ìbọn sí koríko tó ń mì. Ó lè jẹ́ ọmọ yín.
4. Ẹ má fi ìbọn tí a ti kì pamọ́ sí ahéré.

Òfin Ìbọn ti 1959 dárúkọ olókùúta àti oníkápù. Ẹ gba ìwé àṣẹ.

Fún ìjíròrò ẹgbẹ́: Ta ló ń dẹ ọ̀yà ní oko tó bá tiyín pààlà? Ǹjẹ́ ó mọ ọjọ́ tí ẹ máa ń wà lóko?

Àrokobọ́dúndé o.