Àgbálùmọ̀, àgbáyun àti igi òrí

Àgbálùmọ̀, àgbáyun àti igi òrí jẹ́ igi mẹ́ta tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa, tí gbogbo wọn sì wà nínú ìdílé ewéko kan ṣoṣo, Sapotaceae. Ẹni tí ó ra àgbálùmọ̀ ní ẹ̀bá títì ní Ire-Akárí, ní Ìsọ̀lọ̀, tí ó sì ní òrí ìpara nílé, ti ní ohun méjì láti inú ìdílé kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ jọra lójú.

Ìpele ìbátan

Àwọn onímọ̀ ewéko máa ń kó irú tí ó súnmọ́ra jọ sínú ìbátan, wọn a sì kó àwọn ìbátan jọ sínú ìdílé. Antoine-Laurent de Jussieu, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fi orúkọ ìdílé Sapotaceae àti Rosaceae, ìdílé òdòdó rósì, lélẹ̀ ní ọdún 1789.

Rosaceae fi ìpele wọ̀nyí hàn kedere. Píìṣì àti nẹ́kítárínì jẹ́ irú kan ṣoṣo, Prunus persica. Èèpo píìṣì ní irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti nẹ́kítárínì sì ń dán. Jíìnì kan ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Bí a bá gé ẹ̀ka nẹ́kítárínì, tí a sì so ó mọ́ ara igi píìṣì, yóò mú. Rósì wà nínú ìbátan mìíràn, Rosa, ẹ̀ka píìṣì kò sì lè mú lára rẹ̀.

Bí rósì ti rí sí píìṣì ni àgbálùmọ̀ (Gambeya albida), àgbáyun (Synsepalum dulcificum) àti igi òrí (Vitellaria paradoxa) rí sí ara wọn: ìdílé kan, ìbátan mẹ́ta.

Àmì ìdílé

Àmì àkọ́kọ́ ni oje funfun tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Òun ni ó máa ń mú èèpo àgbálùmọ̀ di ohun jíjẹ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù. Láti inú oje Manilkara zapota, igi ìdílé yìí kan ní Mẹ́síkò àti Àárín Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti máa ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù títà tẹ́lẹ̀.

Àmì kejì ni kóró. Kóró àgbálùmọ̀ ń dán, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, àpá kan tí kò dán sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kóró òrí, irú àpá kan náà ni a óò rí.

Orúkọ àti ìbátan

Orúkọ lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe àgbálùmọ̀ ní ọsàn, ṣùgbọ́n ìdílé Rutaceae ni ọsàn mímu wà. Àwọn onímọ̀ náà ti ṣe àtúnṣe: orúkọ àgbálùmọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Chrysophyllum albidum, kí àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé àwọn irú ti Áfíríkà kò súnmọ́ ti Amẹ́ríkà tó bí a ti rò.

Ìwúlò àti ewu

Ìdílé kan náà kò túmọ̀ sí iṣẹ́ kan náà. Àgbáyun ní èròjà kan, miraculin, tí àwọn onímọ̀ yọ sọ́tọ̀ ní ọdún 1968. Ó máa ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Àgbálùmọ̀ àti àgbáyun jẹ́ igi ẹkùn igbó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni òrí ń gbé, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Ùgáńdà, àti ní agbègbè Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àjọ IUCN ka igi òrí mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu, nítorí wọ́n ń gé e lulẹ̀ fún igi ìdáná àti èédú. Ó sì lè gba ọdún 15 sí 20 kí èyí tí ó hù tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó gé e ní òní ti gba òrí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.