Ṣé o mọ̀? Ìwé òfin Amẹ́ríkà kò dárúkọ ilé-ìwé

Kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin ìpilẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ 50 ló ń ṣètò tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn sì fi ẹrù náà lé àwọn àgbègbè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, àwọn tó ń gba tíṣà síṣẹ́, tí wọ́n sì ń rí apá ńlá nínú owó wọn láti ara owó orí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò. (Hawaii yàtọ̀: àgbègbè ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ní.)

Ní 1968, Demetrio Rodriguez àti àwọn òbí mìíràn ní Edgewood, ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, gbé ètò owó orí yìí dé kóòtù, torí pé owó tó ń mú wá fún ilé-ìwé wọn kéré gan-an sí ti àdúgbò olówó. Ní 1973, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn lẹ́bi, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin: wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò sí lára ẹ̀tọ́ pàtàkì tí ìwé òfin náà dáàbò bò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ahun làwọn ará Edgewood o! Owó orí tiwọn ló ga jù ní gbogbo San Antonio: dọ́là 1.05 lórí ohun-ìní dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan. Ní Alamo Heights tó wà nítòsí, tí ilé olówó ńlá pọ̀ sí, sẹ́ǹtì 85 péré ni. Síbẹ̀, ní sáà 1967 sí 1968, lẹ́yìn ìdá tí Texas bù lé wọn, dọ́là 26 ni owó orí mú wá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Edgewood. Ti Alamo Heights ńkọ́? Dọ́là 333.