Nígbà tí Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Kò Bá Rí Ara Wọn

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ní ayé àwọn bàbá wa, ilé tí ó bá ní rédíò kan ṣoṣo ní Ìbàràpá, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ ọ́n. Lónìí, bí ènìyàn bá wọ ilé kan ní Igbó-Ọrà tàbí ní Èrúwà tí ó sì bá kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ti baálé ilé a wà lórí tábìlì, èyí tí ó ń kọ ìṣirò gààrí àti ẹ̀gúsí tí ó ń tà sí. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Èrúwà a ní tirẹ̀ tí ó ń gbé káàkiri. Ògbólógbòó kan a sì wà ní kọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kọ́ ìwé títẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo bí ìwé ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì, fláṣì ni ẹ ó rí. Fláṣì náà a lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní ọjà, a tún lọ sí ilé ọ̀rẹ́, a sì gbé àrùn kọ̀ǹpútà bọ̀ wálé. Èyí tí ó tún burú ni pé ìwé ìṣirò kan ṣoṣo a di mẹ́ta. Bàbá a ní ọ̀kan, ọmọ a ní ọ̀kan, fláṣì náà a ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni ó pé. Ibẹ̀ ni gbèsè oníbàárà ti ń sọnù.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá jọ wà lórí Wáyàfáì kan náà lè pín fáìlì láàárín ara wọn láìsí fláṣì, láìsì ná kọ́bọ̀ lórí dátà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò jáde kúrò nínú ilé. Fódà kan ṣoṣo yóò wà lórí kọ̀ǹpútà kan, gbogbo ilé yóò sì máa ṣí i láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ohun tí ó dára ni. Ìyọnu rẹ̀ ni pé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àná, ó lè kọ̀ ní òní, kí ó máa sọ pé òun kò rí kọ̀ǹpútà kejì, tàbí pé ẹni tí ó fẹ́ wọlé kò ní àṣẹ.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn àdúgbò kì í wọ́n. Ẹnìkan yóò ní kí a pa ògiri ààbò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Firewall. Ẹlòmíràn yóò ní kí a yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò. Ẹlòmíràn yóò ní kí a ṣí gbogbo kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún tajá-tẹran. Lóòótọ́, fáìlì lè ṣí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìdí àrùn náà kí a tó máa wó ògiri.

Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Orísun

Ẹni tí ó ń wá ibi tí omi ti dúró nínú páìpù, láti ìdí táǹkì ni yóò ti máa bọ̀ wá sí ẹnu ẹ̀rọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ohun kìíní ni iná. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì, ṣùgbọ́n ráútà, àpótí kékeré tí ó ń pín Wáyàfáì, lè má ní in. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà méjèèjì yóò ṣì tàn, ojú wọn yóò sì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín wọn ti kú. Bí iná bá sì dé, ráútà lè fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tuntun, tí ẹni tí ó ń fi nọ́ńbà àtijọ́ wá a kò fi ní í bá a nílé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi sàn láti fi orúkọ kọ̀ǹpútà pè é ju nọ́ńbà lọ.

Ohun kejì ni oorun. Kọ̀ǹpútà tí ó bá sùn kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí ọmọ bá sọ pé, "Bàbá, mi ò rí fódà yín o," kí bàbá kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ti sùn lórí tábìlì. Èyí tí fódà gbogbo ilé bá wà lórí rẹ̀, ẹ ṣe ètò rẹ̀ kí ó má máa sùn nígbà tí iná bá wà.

Ohun kẹta ni pé kí ẹ rí i dájú pé orí Wáyàfáì kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ti so tirẹ̀ mọ́ fóònù ara rẹ̀ nígbà tí ti bàbá wà lórí ráútà. Ẹ ṣí ojú ewé dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, kí ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí ó wà níwájú "IPv4 Address" lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.5 tí èkejì sì jẹ́ 192.168.1.7, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà yẹn kò rí nọ́ńbà gbà lọ́wọ́ ráútà, òun ni ó sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ pa Wáyàfáì rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Ẹ ṣọ́ra fún Wáyàfáì àlejò pẹ̀lú, èyí tí ráútà mìíràn máa ń pè ní Guest. A dá a sílẹ̀ kí àlejò má baà rí ohun tí ó wà nínú yàrá, nítorí náà ẹni tí ó bá wà lórí rẹ̀ kò ní í rí kọ̀ǹpútà inú ilé.

Ohun kẹrin ni orúkọ. Ní ìlú tí ìbejì pọ̀ tó Igbó-Ọrà, bí ènìyàn bá ké "Táyé" láàárín agbo, kì í ṣe ẹnìkan ni yóò dáhùn. Kọ̀ǹpútà kò lè gba irú rẹ̀. Bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, kí ó kúrú, kí ó má sì ní àlàfo láàárín.

Ilé Tiwa Tàbí Òde Ọjà?

Windows máa ń béèrè irú ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Bí ó bá gbà pé òde ọjà ni, ìyẹn "Public", yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá sọ fún un pé ilé ni, ìyẹn "Private", yóò gbà láti bá ará ilé sọ̀rọ̀. Windows 11 máa ń mú gbogbo Wáyàfáì tuntun bí òde ọjà ni, nítorí náà ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyọnu ti ń wá. Ẹ lọ sí "Settings", sí "Network & internet", kí ẹ ṣí Wáyàfáì ilé yín, kí ẹ sì mú "Private network". Lẹ́yìn èyí, ẹ wá "Advanced sharing settings", kí ẹ tan "Network discovery" àti "File and printer sharing" lábẹ́ ti ilé nìkan. Ẹ má ṣe é lórí Wáyàfáì ilé-ẹ̀kọ́, ti ilé ìtura, tàbí ti ọ̀rẹ́.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Kí kọ̀ǹpútà má hàn nínú àkójọ "Network" kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ògiri ilé rẹ̀ lè wà nílé síbẹ̀. Ẹ ṣí File Explorer, kí ẹ tẹ ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ méjì sí àyè àdírẹ́sì òkè, kí ẹ wá kọ orúkọ kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé e, báyìí: \\ILE-BABA. Bí ó bá ṣí, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ ju àkójọ náà lọ. Bí kò bá ṣí, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ dípò orúkọ: \\192.168.1.5. Bí nọ́ńbà bá ṣí tí orúkọ kò ṣí, orúkọ ni ó ní àrùn. Bí méjèèjì bá kọ̀, ẹ padà sí ògiri ààbò àti ọ̀rọ̀ ilé àti òde. Bí ó bá sì béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ẹ dúpẹ́, nítorí pé ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Ẹnu Ọ̀nà

Ibí yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lágara. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà PIN tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà wọn ní àràárọ̀, yóò sì kọ̀. PIN kì í ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Orí kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe é nìkan ni ó wà fún. Páásíwọ́ọ̀dù gan-an ni ó ń fẹ́, kì í sì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì, bí kò ṣe ti èyí tí ó ni fódà. Àlejò kì í fi kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀ ṣí ilé onílé. Bákan náà, ẹni tí kò bá ní páásíwọ́ọ̀dù rárá, Windows kì í jẹ́ kí a fi orúkọ rẹ̀ wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún ìlò gbogbo ilé lórí kọ̀ǹpútà tí ó ni fódà, kí ẹ sì fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tí ó le. Báyìí, bàbá kò ní í fi páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà tí kọ̀ǹpútà kejì sì ń fi ti àtijọ́ kanlẹ̀kùn, ẹ wá "Credential Manager" nínú Control Panel rẹ̀, kí ẹ pa èyí àtijọ́ rẹ́.

Bí ẹ bá wọlé tí ẹ rí fáìlì ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọ nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Fódà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn méjì: ọ̀kan wà lábẹ́ "Sharing", èkejì wà lábẹ́ "Security". Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ní ẹnu méjèèjì, èyí tí ó bá sì le jù ni yóò borí. Ẹni tí ọ̀kan gbà láyè láti kọ, tí èkejì sì gbà láyè láti kà nìkan, kíkà ni yóò mọ.

Ìdí tí Ògbólógbòó fi Yadi

Ó ku ògbólógbòó inú kọ̀rọ̀. Èdè tí kọ̀ǹpútà onílé Windows fi ń pín fáìlì ni wọ́n ń pè ní SMB, èyí tí Barry Feigenbaum bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1983. Èdè náà ti dàgbà. Ti àtijọ́ ni SMB1. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń lo Windows XP kò gbọ́ òmíràn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1917 kọ́ o, ọdún 2017 ni, ètò olè kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò kan nínú SMB1 wọlé. Ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ 300 dọ́là. Ó dé orílẹ̀-èdè tí ó tó 150, kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ni ó sì kó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó kéré tán, 81 nínú àwọn àjọ 236 tí ń bójú tó ìtọ́jú aláìsàn ni ó dà láàmú, tí wọ́n fi ní kí aláìsàn padà sílé. Èyí tí ó dun ni jù ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ẹni tí ó gba àtúnṣe, ihò náà ti dí lára tirẹ̀.

Láti ìparí ọdún 2017 ni Windows 10 tuntun kò ti fi SMB1 sínú ara rẹ̀ mọ́. Ní 2018, wọ́n yọ HomeGroup tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń pín fáìlì kúrò. Ní 2024, ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìfọwọ́sí lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń kọjá, ẹ̀yà Pro rẹ̀ kò sì gba àlejò tí kò ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Nítorí náà, bí àpótí ìpamọ́ àtijọ́ kan bá dédé kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ gba àtúnṣe, ó lè má bàjẹ́ rárá; òfin ni ó yí padà. Ẹ fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá àtúnṣe tuntun wà fún un. Bí èdè àtijọ́ nìkan ni ó gbọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ ṣí SMB1 padà lórí kọ̀ǹpútà tí ìṣirò òwò yín wà. Ẹ fi fláṣì mímọ́ kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí arúgbó sinmi.

Àmáánà Ilé

Fódà tí gbogbo ilé ń ṣí, gbogbo ilé ni ó lè bà á jẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ọmọ kan bá kó irú ètò olè bẹ́ẹ̀, yóò gba ọ̀nà fódà náà dé inú ìṣirò bàbá, yóò ti àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, fódà kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí, kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kíkà bá tó fún, ẹ má fún un ní àṣẹ àtikọ. Ẹ jẹ́ kí ògiri ààbò dúró. Ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ da fódà náà kọ sí orí díìsìkì òde kan, kí ẹ sì yọ díìsìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, nítorí pé ohun tí kò sí lára rẹ̀, olè inú rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Windows 10 pẹ̀lú, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún gbogbogbòò dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó, kí ó ronú nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ ya ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sí i àti orúkọ fódà tí ẹ ṣí, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sí ibi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá kọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, ẹ lọ sí Wáyàfáì, ẹ lọ sí ilé àti òde, ẹ lọ sí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ tó dé orí àṣẹ. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ẹ ó ti rí ibi tí ó ti já kí ẹ tó dé ìparí rẹ̀, láìwó ògiri kankan. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.